ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ ÀTI BÍBUPÁ NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ, LÁTI ÌGBÀ ṢỌ̀PỌ̀NÁ TÍTÍ DÉ ÌGBÀ KÒRÓNÀ

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a kàwé, pé àìmọ̀wé ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti pé bí ìmọ̀ bá ti wọlé, ìbẹ̀rù yóò gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2021, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà ní yunifásítì, tí wọ́n mọ̀wé ju àwọn baba wọn lọ, pọ̀ nínú àwọn tí ó fà sẹ́yìn. Ó ya ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ìjọ àti àwọn olùkọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa yóò rí i pé ohun tí ó ti wà tipẹ́ ni. Ète ìwé kékeré yìí ni láti to ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ, kí á lè rí i kedere pé ohun tí ó ń mú kí ènìyàn na apá fún abẹ́rẹ́ ni ìgbẹ́kẹ̀lé: ta ni ó gbé e wá, kí ni ó ti ṣe fún wa rí, bí a bá sì bi í léèrè, ṣé yóò dáhùn?

1. Ṣọ̀pọ̀ná àti àwọn àwòrò rẹ̀

Kò sí àrùn tí àwọn baba wa bẹ̀rù tó ìgbóná. Wọn kì í dédé pe orúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín, ni ó máa ń jà jù. Bí ó bá pa ènìyàn, ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dú, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́. Àwọn àwòrò rẹ̀ ni ó ń gbé òkú lọ sin sínú igbó, ẹrù olóògbé a sì di tiwọn. Níbi tí ikú aláìsàn bá ti di èrè fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, olúkúlùkù lè mọ irú ewu tí ó wà níbẹ̀.

Síbẹ̀ kí á má ṣe rò pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò mọ ohunkóhun nípa bí a ti ń dènà àrùn yìí. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹrú kan wà tí a ń pè ní Onesimus, ẹni tí a bí ní Áfíríkà. Ó sọ fún olówó rẹ̀, Cotton Mather, tí í ṣe àlùfáà ìjọ, pé ní ilẹ̀ òun, wọ́n máa ń mú oje láti ara ẹni tí ìgbóná mú, wọn a fi í sínú gbẹ́rẹ́ lápá ẹni tí ara rẹ̀ le. Àìsàn díẹ̀ ni yóò ṣe é, ìgbóná kò sì ní í mú un mọ́. Ó fi àpá tirẹ̀ han Mather. Mather kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1716. Nígbà tí ìgbóná jà ní Boston ní ọdún 1721, ó bẹ àwọn oníṣègùn ìlú náà pé kí wọ́n dán an wò. Zabdiel Boylston nìkan ni ó gbà, ọmọ ara rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ sín.

Ó yẹ kí á kíyè sí ẹni tí ó takò wọ́n jù lọ. William Douglass ni, òun nìkan sì ni oníṣègùn tí ó gba oyè yunifásítì ní gbogbo ìlú náà. Apá kan nínú ohun tí ó bí i nínú ni pé ẹnu àwọn ọmọ Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn ará ìlú bínú débi pé ẹnìkan ju àdó olóró wọ ilé Mather. Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, wọ́n ka iye òkú: nínú àwọn tí ó lé ní 5,700 tí ìgbóná mú fúnra rẹ̀, 844 ni ó kú, nínú àwọn tí ó lé ní 240 tí Boylston sín, 6 ni ó kú. Ẹ wò ó, ẹrú àti àlùfáà ni ó rí òtítọ́, oníwèé oyè ni ó sì kọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí á mọ̀ pé oyè yunifásítì nìkan kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ iyèméjì.

Ní ọdún 1796, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Jenner, ọmọ àlùfáà ìjọ Berkeley, rí ọ̀nà tí ewu rẹ̀ kéré sí èyí. Ó mú oje láti ọwọ́ obìnrin kan tí ń fún wàrà, tí àrùn màlúù tí ó fara jọ ìgbóná ti mú, ó sì fi í sí apá ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ìgbóná kò lè ran ọmọ náà mọ́. Èyí ni bíbupá tí àwọn àgbà wa mọ̀.

2. Dókítà Sapara

Nígbà tí bíbupá dé Èkó, àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná kò fẹ́ ẹ rárá, ẹ̀rù òrìṣà náà kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn na apá. Ẹni tí ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ni Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1861; ará Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, amòfin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Scotland, ó parí rẹ̀ ní ọdún 1895, ìjọba Èkó sì gbà á sí iṣẹ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó bọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó sì gbé orúkọ Yorùbá wọ̀.

Ọkùnrin yìí wọ ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè mọ ìdí iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó rí ni pé àwọn kan nínú wọn a máa ha èépá ara ẹni tí ìgbóná mú, wọn a sì fi í tan àrùn náà kálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nípa ẹ̀rí rẹ̀, ìjọba ṣe òfin tí ó ka ẹgbẹ́ náà léèwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ díẹ̀. Èépá àti oje tí àwọn ará ilẹ̀ Onesimus fi ń gba ẹ̀mí là ni àwọn wọ̀nyí fi ń pa ènìyàn. Ìmọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan. Ọkàn ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àgbẹ̀ kan bá rí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì béèrè pé kí ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti rí i rí pé ẹni tí ó mọ oògùn lè fi í ṣe ibi. Èrè iṣẹ́ Sapara ni pé ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀, ó gbọ́ èdè, ó sì lè sọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí. Òfin ìjọba ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ni àwọn ènìyàn fi rìn ín.

3. Ọdún 1918 àti ìjọ tiwa

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Bida ti Gold Coast dé sí Èkó, ó sì gbé àrùn influẹ́ńsà wá. Àwọn baba wa sọ ọ́ ní lúkúlúkú, bí àrùn tí ń pa adìẹ lọ bẹẹrẹ. Ojú irin ni ó bá lọ sí òkè. A ti ilé-ìwé àti ilé ìsìn pa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò ní Èkó nítorí ìbẹ̀rù àwọn wolé-wolé.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ St. Saviour tí í ṣe ìjọ Áńgílíkà, àwọn kan pé jọ fún àdúrà, wọ́n sì pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Joseph Sadare, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ni olórí wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí í ṣe olùkọ́, Sophia Odunlami, dara pọ̀ mọ́ wọn. Àrùn náà ti mú un, ó sì ti sàn. Ó ń wàásù pé kí àwọn ènìyàn fi oògùn gbogbo sílẹ̀, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà àti omi òjò. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìyá arúgbó tí kò mọ ìwé. Olùkọ́ ni, irú ẹni tí àwọn ilé-ìwé ìjọ wa kọ́. Ní ọdún 1922 ọ̀rọ̀ náà di ìpínyà, nítorí ìwòsàn àti nítorí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Sadare fi ipò rẹ̀ nínú Sínọ́dù sílẹ̀, àwọn mìíràn pàdánù iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kó ọmọ wọn kúrò ní ilé-ìwé ìjọ.

Àwa tí a kù nínú ìjọ àtijọ́ ti máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìgbàgbọ́ tí kò ní òye ni ó gbé wọn lọ. Òdodo kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1918 kò sí dókítà kan ní ayé tí ó ní oògùn àrùn náà. Ọdún 1933 ni a tó rí kòkòrò rẹ̀ nínú ara ènìyàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rí i pé àwọn tí ó lo oògùn ń kú, òun sì yè. Ó fi ojú ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó sọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa oògùn ọjọ́ kan di òfin fún gbogbo oògùn àti fún gbogbo ọjọ́. Àṣìṣe tiwa ni pé a lé wọn jáde kí a tó bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ tán.

4. Yábàá, àti òpin ìgbóná

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa gbà gbọ́ pé gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ ohun tí òyìnbó ṣe ní òkèèrè tí ó sì gbé wá dán wò lára wa. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìtàn ibà pọ́njú. Ní ọdún 1927, àwọn olùwádìí tí ibùdó wọn wà ní Yábàá ní Èkó gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan ní Gold Coast, Asibi ni orúkọ rẹ̀, tí ibà náà mú díẹ̀. Wọ́n fi í sí ara ọ̀bọ kan, ọ̀bọ náà sì kó àrùn náà. Báyìí ni wọ́n ṣe dá kòkòrò rẹ̀ mọ̀. Asibi yè. Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó wà nínú iṣẹ́ náà, kó ibà pọ́njú, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Láti inú kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe oògùn àjẹsára ibà pọ́njú ní ọdún 1937, èyí tí gbogbo ayé ń gbà títí di òní. Ohun tí ó wà nínú ìgò náà ti inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà wá, òyìnbó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i ní Èkó.

Ní Yábàá kan náà ni ìjọba ti ṣe oògùn àjẹsára fún ìgbóná, ibà pọ́njú àti dìgbòlugi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1991 iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i.

Ní ti ìgbóná, ìparí rẹ̀ ní ilẹ̀ wa dùn láti gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ní agbègbè Ogoja, oògùn kò tó láti bupá fún gbogbo ènìyàn. William Foege, dókítà ìjọ Lútérì, fi ẹ̀rọ rédíò tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ béèrè ibi tí àrùn náà wà. Ibi tí ó wà nìkan àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n bupá fún. Àrùn náà kú síbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a tẹ̀ lé ní ilẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1967, ìgbóná tún bẹ́ sílẹ̀ ní Abakaliki ní ilẹ̀ Ìgbò, láàrin àwọn ọmọ ìjọ Faith Tabernacle, tí ẹ̀kọ́ wọn kò gba bíbupá. Ó lé ní 30 ènìyàn tí ó mú, ọmọ ìjọ náà sì ni gbogbo wọn àfi díẹ̀. Faith Tabernacle yìí ni ìjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí Sadare àti àwọn ará rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni a rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 a sì kéde pé ó ti tán ní ayé.

5. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìgbà Kòrónà

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí Kòrónà mú ní ilẹ̀ wa, arìnrìn-àjò kan tí ó ti Ítálì wá. Ní oṣù kẹta a ti gbogbo ilé-ìwé pa. Ní oṣù kan náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù kejìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ìjọba àti olùkọ́ ń jà lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ jáde láti fi ẹ̀hónú hàn nípa ìwà àwọn ọlọ́pàá kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù náà kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, wọ́n rí oúnjẹ tí a kó jọ fún ìrànlọ́wọ́ aráàlú ní ìgbà Kòrónà nínú ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn aláṣẹ ṣe àlàyé, ṣùgbọ́n àlàyé náà kò wọ ọ̀dọ́ létí.

Ìjọba yìí kan náà ni ó dé ní oṣù kẹta ọdún 2021 pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ọjọ́ 2 oṣù náà ni oògùn AstraZeneca nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin dé. Ọjọ́ 5 ni ẹni àkọ́kọ́ gbà á ní Àbújá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù dá oògùn kan náà dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n rí lára àwọn ènìyàn díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní fóònù lọ́wọ́ kà á ní ọjọ́ náà gan-an. Ó tún ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn ọrùn-líle mú, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣiyèméjì, àwọn ìdáhùn kan ń jáde lemọ́lemọ́: wọ́n bẹ̀rù ìpalára tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, wọn kò gba ìjọba gbọ́, wọ́n sì rò pé àrùn àgbàlagbà ni, kò lè ṣe ọ̀dọ́ ní nǹkan. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn pàápàá wà nínú àwọn oníyèméjì. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí kò ní ìdí rárá, pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ wọ́n di àgàn, tàbí pé àmì ẹranko tí ìwé Ìfihàn sọ ni. Ó dùn wá láti sọ pé orí pẹpẹ ìwàásù ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ti jáde jù.

Lẹ́yìn náà ìjọba lo àṣẹ: láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2021, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ tàbí ìwé àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ lọ sí òkèèrè gbà á nítorí káàdì. Ní oṣù kan náà, ní Àbújá, wọ́n ba oògùn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwọn tí ó fi ta wá lọ́rẹ ti jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Yábàá ti padà wá. Ilẹ̀ tí ó ń ṣe oògùn tirẹ̀ kí ọdún 1991 tó dé wá ń dúró de ohun tí ó ṣẹ́kù lórí tábìlì ẹlòmíràn. Bí ọ̀dọ́ bá rí èyí tí ó sì bínú, a kò lè pè é ní aláìmọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìbínú kì í dènà àrùn. Abẹ́rẹ́ náà kò ní kí ènìyàn má kó Kòrónà rárá. Ó dín àìsàn líle àti ikú kù gidigidi, àwọn àgbà ni ó sì ràn lọ́wọ́ jù. Ọ̀dọ́ tí ó sọ pé kò lè ṣe òun ní nǹkan gbàgbé pé òun yóò lọ sílé ní ìgbà ìsinmi, ìyá àgbà yóò sì dì mọ́ òun. Ibi tí iyèméjì rẹ̀ ti di gbèsè ẹlòmíràn nìyí.

6. Ohun tí ó yẹ kí á fi kọ́ni

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Àrùn mìíràn yóò dé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ayé ti rí láti ìgbà àwọn baba wa. Ohun mẹ́ta ni mo bẹ àwọn olùkọ́ àti àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n mú nínú ìtàn yìí.

Èkínní, kí á má ṣe bú ẹni tí ó béèrè. Douglass béèrè, Odunlami béèrè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa béèrè. Ẹni tí a bá bú yóò lọ wá ìdáhùn lọ́dọ̀ ẹni tí yóò tàn án jẹ. Èkejì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí á gba òun gbọ́ ní ìgbà àrùn máa ṣe ohun tí ó tọ́ ní ìgbà àlàáfíà, nítorí inú abà tí a kò kó oúnjẹ sí, a kì í rí oúnjẹ níbẹ̀ ní ìgbà ìyàn. Ẹ̀kẹta, kí ìjọ má ṣe gbé àdúrà àti oògùn dojú kọ ara wọn. Nígbà tí Hesekáyà ọba ṣàìsàn tí ó sì gbàdúrà, wòlíì Ọlọ́run tí ó mú ìdáhùn wá fún un náà ni ó ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Oníṣègùn sì ni Lúùkù ajíhìnrere.

Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí a bí kí ọdún 1970 tó dé ní àpá kékeré kan lápá, àwọn ọmọ tí ó wà ní yunifásítì nísinsin yìí kò sì ní í. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ béèrè àpá náà lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ta ni ó fi í síbẹ̀, àti ìdí tí ìyá àgbà fi na apá fún un. Kí ó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ó sì mú un wá sí kíláàsì.